Òkìtì Bàbá Olùlànà

"Ẹ tún nọ́ńbà yẹn pè fún mi."

Tinúadé tẹ rédíò mọ́ etí. "Méjìlélógún ni mo pè, Ọ̀gá Ṣówándé. Àwọn wúwo, méjìlélógún. Ojú ọjọ́ dáa. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

"Kò síbi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ sí." Ohùn ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú náà ń gbọ̀n, ìbínú ló sì ń gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹ̀rù. "Ara ọkọ̀ mi ni ẹ̀rọ tèmi wà, mọ́kànlélàádóje ló ń kà. Èmi àti ẹ̀yin, ẹnìkan ń purọ́ nínú wa. Màmá mi kò bí mi kí n máa purọ́ fún ẹni tí mo gbé ọjà wá fún."

Ní Òkè-Yìnyín, ọmọ ọdún márùn-ún mọ ìtumọ̀ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Àádọ́rùn-ún ni ìlà pupa. Bí àwọn wúwo bá ti kọjá ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kù sí ilé òkè. Abẹ́ yìnyín lọ́hùn-ún ni gbogbo ìlú ń sá lọ, àtọmọdé àtàgbà.

"Ọ̀gá, bóyá ẹ̀rọ yín ló ń ṣàìsàn."

"Méjì ni mo ní, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò. Ẹ dúró ná. Mo ti sún awò mi mọ́ òkè yín. Kí ni nǹkan funfun gàgàrà tí ẹ kó jọ síwájú ojú ẹ̀rọ yín yẹn?"

"Òkìtì Bàbá Olùlànà ni."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó tẹ ìlú yìí dó ni. Ibojì rẹ̀ ni."

Nígbà tí ọkùnrin náà tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ìyẹn sì burú ju ìbínú lọ. "Màdáàmù, ibojì yẹn ti ga ju ojú ẹ̀rọ yín lọ. Yìnyín ni ẹ̀rọ yín ń wò, kì í ṣe Júpítà. Ẹ gbọ́: Áíò bú lánàá, èmi fúnra mi rí i. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi máa pọ̀ ju èyí tí mò ń kà yìí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀la, ó ti dé. Ẹ̀yìn òṣùpá yín ni mò ń lọ sá sí. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan, ẹ pè mí."

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ní ìgbà tiwọn, onílé a máa fi tirẹ̀ ríran.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti ka méjìlélógún jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí gbogbo ilé sì ti dáhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn láràárọ̀: "Olùlànà ń ṣọ́ wa." Àtàǹpàkò Tinúadé ló wà lábẹ́ nọ́ńbà náà, òun àti ti Bàbá Lábọ̀dé, tó jẹ́ olùkà àgbà, tó tún jẹ́ baba ọkọ rẹ̀. Òfin ìlú ni. Nọ́ńbà tí kò bá ní àtàǹpàkò méjì lábẹ́, ariwo lásán ni; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ṣí ẹsẹ̀. Àfi bí Alákàn fúnra rẹ̀ bá ríran kọjá ìlà pupa. Ìyẹn kì í dúró de àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni, yóò fi igbe ta ni.

Alákàn ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, orí ẹni tó bá sì ń gbé òṣùpá Gánímídì lábẹ́ Júpítà gba ṣíṣọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju kó ka àwọn ẹ̀rún tí Júpítà ń jù kiri. Àwọn fẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú wọn, tí wọ́n ń gba inú yìnyín kọjá bí òfófó ṣe ń gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Àwọn wúwo sì wà, imí-ọjọ́ àti ọ́síjìn tí àwọn òkè oníná òṣùpá Áíò ń pọ̀ jáde, tí Júpítà sì ń gbá mú, tó ń fi wọ́n ṣe òkò. Àwọn yẹn kì í rìn jìnnà nínú yìnyín. Ara àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bá pàdé ni wọ́n ń kú sí, ara náà kì í sì í wà bákan náà mọ́.

Nígbà tí Bàbá Olùlànà ń kú lọ, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n sin òun síwájú Alákàn, kí òun máa wo ọ̀tá lójú. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Láti ìgbà náà, lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, ìdílé kọ̀ọ̀kan á gé bíríkì yìnyín kan, wọ́n á gbẹ́ orúkọ ara wọn sí i, wọ́n á gbé e lé e lórí. À ń fi kún un ni, a kì í yọ níbẹ̀. Ẹni tó bá yọ bíríkì kan, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gbé e lọ láìpadà. Iwájú la sì ń gbà dé ibẹ̀; ẹnikẹ́ni kì í gba ẹ̀yìn àgbà kọjá, ì báà jẹ́ àgbà tó ti dolóògbé. Ẹ̀rọ náà ń nu ara rẹ̀, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà kò sẹ́ni tí iṣẹ́ gbé dé ẹ̀yìn. Ọgọ́ta ìdílé, bíríkì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n: ẹni tó bá mọ ìṣirò, kó ṣe é. Àwọn tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ wọn ni kò ṣe é.

Tinúadé ṣí àwọn nọ́ńbà àtijọ́ sójú ẹ̀rọ. Ọgọ́rin ni àwọn wúwo lọ́dún tí Bàbá Olùlànà kú. Wọ́n di àádọ́ta. Wọ́n di ọgbọ̀n. Ọdún tí wọ́n di ọgbọ̀n ni ìlú jó, tí Ìyálóde dìde níwájú ìgbìmọ̀, tó ní òkú Olùlànà ti ṣe ohun tí àwọn alààyè kò lè ṣe. Ọdún náà ni wọ́n fa omi inú òrùlé ilé-ìwé kúrò, omi tó ń dínà àwọn wúwo, tó nípọn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ, kí àwọn ọmọ lè máa rí ojú ọ̀run látinú gíláàsì. Tinúadé wá wo ìlà kejì, ti àwọn fẹ́ẹ́rẹ́. Kò fi ohun kan dín láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ni òun fúnra rẹ̀ ti ń wo ìlà méjèèjì yẹn pọ̀ lójú kan, bí ẹni ń wo tọkọtaya tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò sì béèrè ohun tó dé.

Ojú tì í. Kì í ṣe ojú tí a ń fi ọwọ́ bò. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìtìjú náà ti ń jẹ ẹ́.

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógójì dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé gíláàsì, ojú wọn ní dídì, Júpítà sì gbé ikùn ńlá rẹ̀ tó lábàwọ́n lé wọn lórí. Eré ni wọ́n ń ṣe.

"Mo rí mẹ́rin!" ni ọ̀kan kígbe.

"Èmi rí méje!"

Àṣàkẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, la ojú, ó rí i, ó sì sáré wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màámi, ẹ káàsán. Ìràwọ̀ mọ́kànlá ni mo ti rí nínú ojú mi látàárọ̀. Èmi ni mo rí jù! Tíṣà ní Bàbá Olùlànà ló ń kí wa. Wọ́n ní torí pé ọmọ ilé rẹ̀ ni mí ló ṣe ń kí mi jù."

Gbogbo olùkà ló mọ ohun tí ìràwọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ̀rún wúwo kan ló wọ inú ẹyinjú ọmọ náà, tó sì kú sínú orí rẹ̀. Ọ̀kan fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá látàárọ̀. Tinúadé fọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀.

Tíṣà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ṣé kò sí o, Màmá Àṣàkẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yìí sọ̀ kalẹ̀. Nísinsìnyí."

Obìnrin náà wo òkè, ó wo Tinúadé. "Nọ́ńbà wo ni?"

"Nọ́ńbà kò tíì jáde."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lófin, mà. Ẹ fi nọ́ńbà alátàǹpàkò méjì ránṣẹ́ sí mi, ẹ ó rí i bóyá n ò ní sáré. Bí mo bá kó wọn sọ̀ kalẹ̀ láìní nọ́ńbà, àwọn òbí á bi mí léèrè ohun tí mo rí."

Kò jẹ̀bi. Tinúadé lè fa ọmọ tirẹ̀ nìkan lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kúkú rò ó, ó rò ó débi pé ó ti na ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tàlélógójì yòókù ń bọ̀ wá máa kígbe ìràwọ̀ lábẹ́ gíláàsì lọ́la, nígbà tí ohun tó ń bọ̀ láti Áíò bá dé. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì lọ bá baba ọkọ rẹ̀.

Bàbá Lábọ̀dé jókòó nínú yàrá òtútù, aṣọ onírun lọ́rùn, ó ń gbẹ́ bíríkì ìdílé fún ọjọ́ ìrántí tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rin ni, ọmọ bíbí inú Olùlànà. Òun náà ló kọ́ Tinúadé ní iṣẹ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú un wálé láti òṣùpá Kàlísítò. Ọkọ náà ti kú lẹ́nu iṣẹ́ yìnyín, ọdún karùn-ún rèé.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ìyàwó, wá wò ó. Orúkọ ọmọ rẹ ni mo gbẹ́ sí ti ọdún yìí."

Ó kúnlẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá kò dáwọ́ dúró. Eérú yìnyín ń bọ́ sórí itan rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọ̀gá ọkọ̀ tó yẹ kó balẹ̀ lónìí ni."

"Àlejò."

"Àlejò ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ àwọn nọ́ńbà wa wò. Àwọn fẹ́ẹ́rẹ́ kò dín. Àwọn wúwo nìkan ló ń dín."

Bàbá Lábọ̀dé gbé irin ìgbẹ́yìnyín kalẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ̀."

Tinúadé gbójú sókè wò ó. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, kò tíì wo ojú bàbá náà tààrà bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọ́n ti fa omi òrùlé kí n tó mọ̀," ni bàbá wí. "Wọ́n ti jó. Ṣé kí n wá dìde láàárín ijó, kí n ní ibojì baba mi ló fọ́ wa lójú?"

"Ẹ̀ bá ti dìde, Bàbá."

"Kàlísítò lo ti wá, o kò lè mọ̀. Kò sí igi níbí, Tinúadé. Kò sí odò, kò sí ẹyẹ. Gbogbo ohun tó ń mú wa mí, ẹ̀rọ ni. Òkìtì yẹn nìkan ni ohun tí a fọwọ́ ara wa mọ, tí kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ wọn, kí lo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Nọ́ńbà?"

"Ọmọ Fọlárìn tó kú lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di omi, kí ló pa á, Bàbá?"

Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa etí bíríkì, ibi tí orúkọ Àṣàkẹ́ wà.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Tinúadé wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀yin lẹ fi òwe yẹn kọ́ mi. Ẹ bá mi tẹ àtàǹpàkò sí nọ́ńbà àlejò yẹn. Nọ́ńbà kan péré. Kí wọ́n lè kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀."

"Nọ́ńbà àlejò kì í ṣe nọ́ńbà. Ojú Alákàn lòfin mọ̀. Jẹ́ kí ọjọ́ ìrántí kọjá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Màá wá bí mo ṣe máa bá Ìyálóde sọ ọ́."

"Ọ̀la ló máa dé, Bàbá."

"Ìjì ti ń dé, ìjì ti ń lọ," ni bàbá wí, ó sì tún gbé irin rẹ̀.

Tinúadé jáde. Ó dúró lójú ọ̀nà abẹ́ yìnyín, ó sì ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ó bá fọwọ́ kan òkìtì, ọkọ̀ ti Ṣówándé ni yóò gbé e lọ, Àṣàkẹ́ kò sì ní bá a lọ. Ọmọ ilé Olùlànà ni. Ìyàwó ló wá, ìyàwó ló ń lọ, ọmọ kì í kúrò nílé. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, yóò máa wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, yóò máa dì í lórí, yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi di omi bíi ti ọmọ Fọlárìn. Ó wá ọ̀nà kẹta. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ó wá a lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé abiyamọ ni.

Ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ilé jókòó ti oúnjẹ, ó wọ ẹ̀wù ìta, ó mú díígà kan nínú àwọn tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì gba ẹnu ilẹ̀kùn méjì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ilé sá lọ jáde.

Ó gba iwájú dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó yí òkìtì po, ó sì gba ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo síbẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ wúwo lórí Gánímídì lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fojú kan ojú Alákàn láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ojú náà mọ́ rekete, kò ní eruku, kò ní ìdọ̀tí. Ògiri yìnyín sì dúró níwájú rẹ̀, kò ju ìdajì apá lọ sí i.

Ó gun orí òkìtì. Bíríkì àkọ́kọ́ tó gbá jẹ́ ti Fọlárìn. Ó ní, "Ẹ má bínú," ó gbá a sísàlẹ̀. Ìkejì, ìkẹta. Níbi ìkẹrin ó rí ọwọ́ ìgbẹ́ ara rẹ̀, ti ọdún kẹta sẹ́yìn: ó ti gbẹ́ òdòdó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìdílé, ó rántí pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà. Ó gbá òun náà sísàlẹ̀. Nínú etí rẹ̀, ohùn Alákàn ń ka nọ́ńbà jáde bó ṣe ń gbá a. Ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àádọ́rin. Nígbà tí ìlà bíríkì kejì láti òkè ṣí sílẹ̀ tán, Alákàn rí Júpítà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, ó sì ké.

Igbe náà kò dúró de àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni. Látorí òkìtì, Tinúadé rí àwọn ọmọ tí wọ́n dìde lábẹ́ gíláàsì, kéékèèké, tí wọ́n to ara wọn lẹ́yìn tíṣà, tí wọ́n sì ń wọlẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ ilé-ìwé fi ṣófo. Ó jókòó sórí yìnyín. Mẹ́tàlélàádóje ni Alákàn ń kà. Ó sunkún ayọ̀, ayọ̀ náà kò sì pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìjì Áíò dé, nọ́ńbà wọ irinwó. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìlú fi há mọ́ra nínú ilé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnìkan lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọmọ kankan kò rí ìràwọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pe Tinúadé síwájú ìgbìmọ̀.

Ìyálóde Mọrádéyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó gbé ìwé nọ́ńbà Alákàn sójú gbogbo ayé. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará ilé. Àárọ̀ ọjọ́ náà, méjìlélógún ni. Ó yọ bíríkì kan, nọ́ńbà gòkè. Ó yọ òmíràn, ó tún gòkè. Gbogbo bíríkì tó yọ ló wà nínú ìwé yìí. Ní ọjọ́ kejì, ìjì tí irú rẹ̀ kò dé rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dé. Baba wa ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí wa. Ṣé ó tún ku ohun tí a ń wá?"

Igbe bẹ́. Ẹnìkan ní, "Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu!" Fọlárìn, tí ọmọ rẹ̀ kú, ni ẹni tó kígbe jù.

Tinúadé ṣàlàyé. Ó sọ ti àwọn fẹ́ẹ́rẹ́ àti àwọn wúwo, ó sọ pé ìjì ti ń dé tẹ́lẹ̀ tí Alákàn kò kàn rí wọn, ó sọ ti nọ́ńbà tí Ṣówándé ti kà kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ Ṣówándé kì í ṣe Alákàn. Ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń wò ó bí a ṣe ń wo ọmọ tó fọ́ àwo, tó ń ní àwo náà ti sán tẹ́lẹ̀. Níkẹyìn ó yíjú sí baba ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Bàbá Lábọ̀dé dìde.

"Ọmọ yìí ti ṣe ohun tí òfin kọ̀," ni ó wí. "Òfin kò mọ ìyàwó, kò mọ àna. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ṣùgbọ́n bàbá kò tíì jókòó.

"Mo ní ọ̀rọ̀ kan sí i. Baba mi wá bá mi lójú oorun, nígbà tí ìjì ń jà. Ó ní iwájú ti sú òun. Ó ní ẹ̀yìn Alákàn ni kí á tún òkìtì òun kọ́ sí, kí òun lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn wa. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró síwájú ojú ẹ̀rọ náà mọ́ láé. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó ní kí á dá omi òrùlé ilé-ìwé padà, gbogbo rẹ̀, kí omi wà níbi tí òun ti lè máa rí i."

Àwọn àgbà obìnrin bú sẹ́kún. Ìyálóde fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Kí ilé tó tú, àwọn ọkùnrin ti ń pín ara wọn sí ẹni tí yóò fa omi àti ẹni tí yóò ru bíríkì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ lé e bá ní Òkè-Yìnyín lóòótọ́. Irọ́ gbọn aṣọ rẹ̀, ó sún díẹ̀, ó sì tún jókòó. Tinúadé ní ẹnu, ó sì ní ohùn, ó lè kígbe nínú ilé yẹn pé àlá kan kò sí, pé àgbàlagbà ń purọ́ mọ́ òkú. Ta ni yóò wá da omi sórí òrùlé? Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọkọ̀ Ṣówándé balẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Bàbá Lábọ̀dé ló sin Tinúadé dé ẹnu ilẹ̀kùn méjì, ó bá a gbé àpò rẹ̀, ohun tí baba ọkọ kì í ṣe fún ìyàwó.

"Ìyàwó, má bínú sí mi."

"Iṣẹ́ wo ni ìbínú mi fẹ́ ṣe, Bàbá? Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ máa sọ òótọ́ fún Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ kan?"

"Tó bá dàgbà."

"Ẹni ọdún mélòó là ń pè ní àgbà níbí? Ẹ̀yin ti pé mọ́kànlélàádọ́rin, ẹ kò tíì lè sọ ọ́."

Bàbá gbé àpò náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ọmọ náà ń bọ̀.

Àṣàkẹ́ wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Wọ́n ti sọ ohun gbogbo fún un bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé, ojú rẹ̀ sì ti wú. Kò sáré. Ó kúnlẹ̀ síbi tó jìnnà díẹ̀.

"Màámi."

"Ọmọ mi. Wá."

Ó wá, ó sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tinúadé ń gbóòórùn orí rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yóò lè gbé fún ọdún mẹ́wàá láìsọ ọ́ síta, kò rí ọ̀kan. Ọmọ yìí kì í lè pa àṣírí mọ́. Bí ó bá gbọ́ ọ lónìí, ilé-ìwé á gbọ́ lọ́la, Ìyálóde á gbọ́ lọ́túnla, omi ò sì ní pẹ́ kúrò lórí òrùlé.

"Màámi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mú Bàbá Olùlànà bínú. Ìràwọ̀ kankan kò wá sójú mi mọ́. Kò kí wa mọ́. Ṣé ẹ ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?"

Tinúadé wo ojú ọmọ náà, ojú tó mọ́, tí ohunkóhun kò gba inú rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ mẹ́fà.

"Mo ti tọrọ, ọmọ mi. Mo jẹ̀bi, mo sì ti tọrọ."

Àṣàkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì lọ di ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀ mú.